Ẹ̀mí Bátìrì Wà Lọ́wọ́ Ẹni Tí Ń Lò Ó

Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó bá rí orúkọ wa lókè àpilẹ̀kọ yìí máa retí ìwàásù. Àwọn olóòtú ìwé ìrántí yìí fún wa láyè láti kọ ohun tí ó bá wù wá, ohun tí ó sì wù wá láti kọ nípa rẹ̀ ní ọdún yìí ni bátìrì, èyí tí ó wà nínú kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù tí ń lo iná mànàmáná dípò epo bẹntiróò. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lè ṣàjèjì lẹ́nu àlùfáà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ń jáde ní ilé ẹ̀kọ́ wa lónìí ni yóò máa gùn wọ́n, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti ń gùn wọ́n ná, owó tí wọ́n sì ń ná lé wọn lórí kì í ṣe owó kékeré. Èrò wa ni pé ìtọ́jú bátìrì ni yóò sọ bóyá èrè tàbí gbèsè ni wọn yóò rí nínú rẹ̀, àti pé ilé ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí wọ́n ti kọ́ ọ, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tà á.

Ìbéèrè tí olúkúlùkù máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé ọdún mélòó ni yóò lò. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni àwọn ọlọ́jà sábà máa ń dáhùn. Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò pé, nítorí bátìrì lithium kì í ka ọdún nìkan. Ó tún ń ka ìlò. Ìlò kan ni kí a lo iná inú rẹ̀ láti kíkún dé òfo. Ẹni tí ó lo ìdajì lónìí, tí ó fi iná kún un, tí ó sì tún lo ìdajì lọ́la, ìlò kan péré ni ó lò. Ọ̀pọ̀ bátìrì kẹ̀kẹ́ oníná tí wọ́n fi nickel, manganese àti cobalt ṣe máa ń gba ìlò 500 sí 1,000 kí agbára wọn tó dín kù sí ìdá 80 nínú 100 ohun tí ó jẹ́ nígbà tí wọ́n wà ní titun. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń pa ààlà sí pé bátìrì ti gbó. Kò tíì kú nígbà náà. Ẹni tí ó ń bá a rin kìlómítà 50 tẹ́lẹ̀ yóò wá máa rin bí 40.

Ẹ jẹ́ kí a fi kìlómítà 50 ṣe ìṣirò ìlò kan. Ìlò 500 yóò gbé ènìyàn rin kìlómítà 25,000. Olùkọ́ tí ń fi kẹ̀kẹ́ rin kìlómítà 10 lójúmọ́ lè lo ọdún mẹ́fà kí ó tó rìn tó bẹ́ẹ̀, bí ọjọ́ ogbó kò bá tètè bá bátìrì náà. Ọlọ́kadà tí ń rin kìlómítà 100 lójúmọ́ yóò rìn ín láàárín 250 ọjọ́, ọdún kò tíì yí po. Ìlérí kan náà ni ọlọ́jà ṣe fún àwọn méjèèjì.

Irú bátìrì mìíràn wà, èyí tí wọ́n fi lithium iron phosphate ṣe. Ó wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ bí iná inú wọn bá dọ́gba, ṣùgbọ́n ó lè gba ìlò 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í tètè gbiná. Yàrá ìwádìí John Goodenough ní Yunifásítì Texas ni iṣẹ́ náà ti jáde ní àwọn ọdún 1990. Bàbá yìí kan náà, pẹ̀lú Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì ní ọdún 2019 nítorí bátìrì lithium-ion. Ẹni ọdún 97 ni nígbà náà, kò sì sí ẹni tí ó dàgbà tó o tí ó tíì gba ẹ̀bùn Nobel rí ṣáájú rẹ̀. (A fi èyí kún un fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ń wí pé ọjọ́ ti lọ lórí wa.) Ẹni tí yóò fi alùpùpù oníná wá oúnjẹ òòjọ́, irú bátìrì tí ó wà nínú àpótí náà ni kí ó kọ́kọ́ béèrè, kí ó tó béèrè iye owó.

Ohun tí ó ń pa bátìrì wọ̀nyí jù láàárín wa ni ìmọ̀ àtijọ́. Àwa tí a dàgbà pẹ̀lú bátìrì ọkọ̀, èyí tí a máa ń bu omi sí, mọ̀ pé kò dára kí a fi í sílẹ̀ lófìfo. Kí ó máa kún nígbà gbogbo ni ìlera rẹ̀. Àwọn tí wọ́n lo fóònù alágbèéká ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́ pé kí wọ́n lo iná inú rẹ̀ tán pátápátá kí wọ́n tó tún fi òmíràn sí i, ìyẹn náà sì ní ìdí fún bátìrì nickel ayé ìgbà náà. Nígbà tí a bá gbé ìmọ̀ méjèèjì wá sórí lithium, wọ́n di májèlé. Lithium kò fẹ́ kí á lò ó gbẹ, kò sì fẹ́ kí á fi í sílẹ̀ ní kíkún fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá rántí àwọn wúńdíá mẹ́wàá inú Ìhìnrere lè máa rò pé kíkún ni ọgbọ́n nígbà gbogbo. Òróró ni ìyẹn, lithium ni èyí.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti yé ọmọ kíláàsì kẹta. Nínú bátìrì kọ̀ọ̀kan, lithium ń rìn láti apá kan sí apá kejì nígbà tí a bá ń fi iná sí i, ó sì ń padà bọ̀ nígbà tí a bá ń gùn ún. Bí ẹyọ kan nínú bátìrì onínickel bá kún dé 4.2 volt, ara rẹ̀ a fà le bí awọ ìlù tí a fà ju bí ó ti yẹ lọ. Omi kẹ́míkà tí ó wà láàárín a bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, lára lithium tí ó yẹ kí ó máa lọ kí ó máa bọ̀ a sì lẹ̀ mọ́ ojú kan, kò ní lè rìn mọ́. Bí ó bá sì gbẹ tán, àwọn irin inú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ pé kí iná má lọ sí ìsàlẹ̀ ìdá 20, kí a sì dúró ní ìdá 80 ní ọjọ́ tí ìrìn kò bá jìn. Bí ìrìn bá jìn, ẹ fi iná kún un, kí ẹ sì gbéra láìpẹ́; kíkún fún wákàtí kan kò pa á lára tó kíkún fún ọ̀sẹ̀ kan. Ti iron phosphate kò le tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń ṣe é tilẹ̀ máa ń fẹ́ kí a fi iná kún un dé òpin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ẹyọ inú rẹ̀ lè dọ́gba.

Ooru wá ń kọ́? Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilẹ̀ wa gan-an. Bátìrì lithium tí a fi pamọ́ ní kíkún sí ibi tí ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 40 Celsius lè pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ láàárín ọdún kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gùn ún rárá. Èyí tí a fi pamọ́ ní bí ìdá 40 nínú 100, sí ibi tí ooru rẹ̀ kò ju ìwọ̀n 25 lọ, kì í sábà pàdánù ju bí ìdá 5 lọ. Ẹ wá wo abẹ́ páànù ní ọ̀sán oṣù Kẹta, níbi tí a ń gbé alùpùpù sí. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè dé, tí ara bátìrì rẹ̀ ṣì ń jó, kí ó jẹ́ kí ó tutù fún ìwọ̀n wákàtí kan kí ó tó fi iná sí i. Fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Ṣikágò, òtútù ni tiwọn: bátìrì tí ó ti tutù ju ìwọ̀n 0 lọ kò gbọdọ̀ gba iná títí yóò fi móoru nínú ilé, nítorí lithium a di irin sí ojú ọ̀nà, ìbàjẹ́ náà kì í sì í ṣeé tún ṣe.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ tí a ti sìn gba alùpùpù oníná ní owó tí yóò san díẹ̀díẹ̀ fún oṣù 24. Ní oṣù kẹrìnlá, bátìrì náà kò lè gbé e dé ìdajì ibi tí ó máa ń gbé e dé mọ́. Ojoojúmọ́ ni ó ń gùn ún títí yóò fi dúró fúnra rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni ó sì ń fi iná sí i, lábẹ́ páànù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe tọkàntọkàn. Kọ́kọ́rọ́ àti ìwé tí a fi èdè tí kò lè kà kọ ni wọ́n fún un níbi tí ó ti rà á, kò sí ẹni tí ó bá a sọ gbólóhùn kan nípa ooru. Nígbà tí ó padà lọ, wọ́n fi hàn án nínú ìwé kan náà pé àwọn kì í pààrọ̀ bátìrì tí ooru bà jẹ́. Ìyá rẹ̀, tí ń ta ẹ̀kọ, ni ó bá a san oṣù mẹ́wàá tí ó kù.

Àwọn kan yóò wí pé kí ọlọ́kadà má ra bátìrì rárá, kí ó máa pààrọ̀ èyí tí iná rẹ̀ tán sí èyí tí ó kún, bí àwọn tí ń gùn ún ní Kútọnu àti Lomé ti ń ṣe. A fara mọ́ ọn. Fún ẹni tí ń rin kìlómítà 100 lójúmọ́, ó sàn kí ẹrù ogbó bátìrì wà lọ́rùn ilé iṣẹ́ ju kí ó wà lọ́rùn ìyá ẹlẹ́kọ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ibùdó ìpààrọ̀ ní gbogbo ìlú wa, irú bátìrì yìí kan náà sì ti wà nínú sólà ilé wa àti nínú fóònù gbogbo wa.

Ọ̀rọ̀ iná tí ń jó ilé kò ṣeé fò dá. Ilé iṣẹ́ panápaná Lọ́ńdọ̀nù ti ń kìlọ̀ léraléra nípa bátìrì kẹ̀kẹ́ oníná, ìlú New York sì ṣe òfin ní ọdún 2023 pé kí wọ́n má ta èyí tí kò bá ìlànà ààbò mu. Ṣájà tí kì í ṣe ti bátìrì náà, àti àpótí tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ tú tí ó tún dì, ni kí a máa sá fún jù. Ẹ má ṣe fi iná sí i lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ ó gbà sá jáde, ẹ má sì ṣe sùn tì í.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè ìṣọ̀kan Yúróòpù, láti ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2027, ó di dandan pé kí oníṣẹ́ tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe kẹ̀kẹ́ náà lè yọ bátìrì rẹ̀ kí ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa béèrè irú rẹ̀, kí wọ́n sì fi kún un pé kí a kọ ìtọ́jú bátìrì ní èdè ẹni tí ń rà á.

A kò ní dúró de aṣòfin. Ní gbogbo àjọ̀dún ni a máa ń dá owó fún ẹnu ọ̀nà tuntun tàbí àga gbọ̀ngàn. Ní ọdún yìí, a dámọ̀ràn pé kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ra kẹ̀kẹ́ oníná kan fún ẹ̀ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, pẹ̀lú bátìrì méjì tí ó bá ara wọn dọ́gba àti mítà tí a fi ń wọn iná. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa tọ́jú ọ̀kan bí a ti wí. Kí olùkọ́ wọn fi èkejì sílẹ̀ ní kíkún nínú àtíbàbà onípáànù tí ó jìnnà sí ilé. Kí wọ́n máa wọn àwọn méjèèjì ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò. Àwa yóò san owó bátìrì àkọ́kọ́.