Ẹ Jẹ́ Ká Ka Orí Bíbélì Tán Ká Tó Ṣe Àmín

 

Ọ̀rọ̀ yìí lè bí ẹlòmíì nínú, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Nítorí náà a ó sọ ọ́.

Láàárọ̀ kùtù, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àdúrà á ti kún orí WhatsApp wa. Ẹsẹ Bíbélì kan lókè, àdúrà mẹ́wàá nísàlẹ̀, "Tẹ Àmín, kí o sì fi ránṣẹ́ sí èèyàn méjìlá." Ẹni tó fi ránṣẹ́ kò ka orí tí ẹsẹ yẹn ti wá. Ẹni tó tẹ Àmín náà kò kà á. Àwa ń sọ ọ́ gbangba pé èyí kì í ṣe àdúrà tó ti inú Ìwé Mímọ́ wá. A kàn já ẹsẹ bí ẹni já ewé ni, a fi se àgbo ohun tó ti wà lọ́kàn wa tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Sáàmù 35. Bí ọ̀rọ̀ ọ̀tá bá ti délẹ̀, òun làwọn èèyàn wa máa ń sáré mú. Láti ẹsẹ kìíní ni wọ́n ti ń pariwo kí Ọlọ́run dojú ìjà kọ àwọn tó ń bá wọn jà. Kó tó di ẹsẹ kẹjọ, ohùn ti há. Mélòó ló ń dé ẹsẹ kẹtàlá? Níbẹ̀ ni Dáfídì ti sọ pé nígbà tí àwọn èèyàn yìí kan náà ń ṣàìsàn, òun wọ aṣọ ọ̀fọ̀, òun sì gbààwẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Sáàmù yìí ta ọfà sí ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiyín, ṣé ẹ ti gbààwẹ̀ fún un rí nígbà tí ara rẹ̀ kò yá? Ẹni tí kò ṣe ti ẹsẹ kẹtàlá, ẹnu wo ló fẹ́ fi gba ti ẹsẹ kìíní?

Èyí tó kàn wá jù ni Jeremáyà 29. Ẹsẹ kọkànlá wà lẹ́yìn mọ́tò, ó wà lára kàlẹ́ńdà, ó wà lórí káàdì ìgbéyàwó: Ọlọ́run ní èrò àlàáfíà sí wa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lẹ́tà ni gbogbo orí yẹn. Wòlíì kọ ọ́ sí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Jerúsálẹ́mù lọ sí Bábílónì. Ó ní kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n fẹ́ ìyàwó. Ní ẹsẹ keje, ó ní kí wọ́n wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà, kí wọ́n gbàdúrà fún un, torí nínú àlàáfíà rẹ̀ ni tiwọn wà.

Àwọn ẹrú ló sọ bẹ́ẹ̀ fún o! Àwa tí ẹnikẹ́ni kò mú lẹ́rú, tí a fẹsẹ̀ ara wa wá jẹun lórí ilẹ̀ Gbagyi, mélòó nínú wa ló dárúkọ Bwari nínú àdúrà lọ́sẹ̀ yìí?

Lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 2017, wàhálà bẹ́ sílẹ̀ níbí, ṣọ́ọ̀bù jóná nínú ọjà. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn ajínigbé wọlé gbé èèyàn ní Bwari, gbogbo Nàìjíríà gbọ́. Iná kì í béèrè bóyá Yorùbá ló ni ṣọ́ọ̀bù tàbí Hausa. Síbẹ̀ àdúrà wa ò ju "kó má kan ilé mi" lọ. Sáàmù 91 la fi ń gbà á. Ẹ má gbàgbé pé Sátánì náà mọ Sáàmù 91. Òun ló já ẹsẹ nínú rẹ̀ fún Jésù ní Mátíù 4, tí Jésù sì fi ibòmíràn nínú Ìwé Mímọ́ dá a lóhùn. Ẹni tó mọ ẹsẹ kan ṣoṣo kò ní rí ibòmíràn tọ́ka sí.

Wọ́n á ní kò sáyè, pé ẹni tó fẹ́ tètè jáde nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò lè ka odindi orí kan. Ẹsẹ 28 péré ló wà nínú Sáàmù 35. Ẹ kà á sókè, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Àkókò tí a fi ń wo ìjà àwọn òṣèré lórí fóònù jù bẹ́ẹ̀ lọ, àbí irọ́ ni?

Wọ́n á ní àwọn ń ka Open Heavens Bàbá Adébóyè, tàbí Daily Fountain àwọn ará Áńgílíkà. Ìwé dáadáa ni wọ́n, a ò bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ ìwé wọ̀nyẹn fúnra wọn ń sọ ibi tí ẹ máa kà nínú Bíbélì lójoojúmọ́. Ẹni tó bá fo ibẹ̀, tó bọ́ sórí àdúrà tààrà, kò ṣe ohun tí ìwé náà ní kó ṣe.

Wọ́n á ní àwọn ọmọ kò gbọ́ Bíbélì Yorùbá. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n máa kà á! Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn. Ọdún 1850 ni ìwé Róòmù tó túmọ̀ jáde, ó di 1884 kí odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde. Òun àti àwọn tó bá a ṣe é kò fi gbogbo ọdún yẹn ṣiṣẹ́ kí a lè máa já ẹsẹ kọ̀ọ̀kan kiri. Hausa ni ọmọ ń gbọ́ ládùúgbò, Òyìnbó ló ń gbọ́ nílé ìwé. Bí kò bá gbọ́ Yorùbá tó jinlẹ̀ ní pálọ̀ bàbá rẹ̀, níbo ló ti fẹ́ gbọ́ ọ?

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Orí kan lójúmọ́, ká kà á tán, ọmọ ka ẹsẹ kan, ìyá ka ìkan, bàbá ka ìkan. Lẹ́yìn náà ká gba àdúrà mẹ́ta láti inú ohun tí a kà: ọ̀kan fún ìdúpẹ́, ọ̀kan kí Ọlọ́run tún ìwà wa ṣe, ọ̀kan fún Bwari àti àwọn tó gbà wá sílẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé àdúrà sórí pèpéle yìí, kó kọ orí tó kà àti ohun tó rí níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, ààyè wà. Kó kọ́kọ́ ṣí Jeremáyà 29, kó kà á dé ìparí, kó wá kọ tiẹ̀ sísàlẹ̀ níbí.