Ilẹ̀ tírélà tó ń dán yẹn máa ṣẹ́ èèyàn lẹ́sẹ̀

1. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan gbé fídíò tírélà tuntun sórí ìkànnì yìí. Tírélà kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìdí mọ́tò láti fi gbé mọ́tò míì. Wọ́n fi chequered plate tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn ún, ó ń dán yinrin. Gbogbo yín ń kan sáárá sí wẹ́dà. Èmi kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sábẹ́ rẹ̀: "Èèyàn máa ṣubú níbí." Èébú tí mo gbà lọ́jọ́ yẹn ò kéré. Wọ́n ní ìlara ń ṣe mí. Ó dáa. Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀.

2. Ìṣẹ̀rí-Olófin ni mò ń gbé. Iṣẹ́ kí wọ́n máa gbé mọ́tò tó dẹnu kọlẹ̀ ni bọ̀dá mi ń ṣe. Ojú ọ̀nà LASU sí Ìṣẹ̀rí, Ìgàndó, Ìkọ̀tun, Ẹgbẹ́dá, títí dé Ìyànà Ìpájà, kò síbi tí wọn ò gbé mọ́tò dé. Tírélà kì í ṣe tiwọn o. Ọ̀gá kan ló ni ín, àwọn ń ṣiṣẹ́ fún un.

3. Oṣù keje ọdún tó kọjá, òjò ń rọ̀. Wọ́n pè wọ́n lọ gbé Camry kan tí ọ́ìlì ń jò lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti fi winch fà á gun orí tírélà tán, wọ́n wá gòkè lọ de táyà ẹ̀yìn. Sálúbàtà rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹsẹ̀ kan yọ̀, èkejì há sáàárín táyà àti irin ẹ̀gbẹ́ tírélà. Kókósẹ̀ ṣẹ́. Mo gbọ́ igbe wọn lórí fóònù kí ẹni tó pè mí tó sọ̀rọ̀ rárá.

4. Oṣù mẹ́rin ni wọn ò fi ṣiṣẹ́. Màámi tó ń ta ẹ̀wà láàárọ̀ ló ń bọ́ wọn, ó ń bọ́ ìyàwó wọn, ó ń bọ́ ọmọ méjì. Kí ni ọ̀gá wọn sọ? "Ṣé kò lójú ni? Kí ló dé tí kò fara balẹ̀?" Owó tó fi ránṣẹ́ ò ra oògùn ọ̀sẹ̀ kan.

5. Àwọn àgbà ní àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Tiwa yàtọ̀. Èèyàn jìn sí kòtò, wọ́n tún lọ kun kòtò náà lọ́dà. Ọ̀gá yẹn ń ṣe tírélà kejì lọ́wọ́ báyìí, ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan tí kò jìn sílé wa. Irú ilẹ̀ kan náà ló fẹ́ tẹ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo.

6. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ohun kan. Àwọn kan ní ilẹ̀ tí kì í yọ̀ wà kí mọ́tò má baà yọ́ kúrò. Rárá o. Okùn àti bẹ́líìtì ló ń di mọ́tò mú, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ni kẹ́ ẹ dè, kẹ́ ẹ tún fi igi dá a dúró. Èèyàn ni ilẹ̀ ń dì mú. Ẹni tó ń gòkè lọ de okùn yẹn, kò sẹ́ni tó de òun mọ́ nǹkan kan.

7. Ó yá, chequered plate. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe ìlà kéékèèké tó yọ sókè sí lójú. Gbogbo wẹ́dà ló máa sọ fún yín pé "kì í yọ̀". Ẹni tó bá wọ bàtà iṣẹ́ tí abẹ́ rẹ̀ ní kòtò dáadáa, ìlà yẹn á wọ inú kòtò bàtà, á dì í mú díẹ̀. Ẹni tó bá wọ sálúbàtà tó ti jẹ ńkọ́? Orí àwọn ìlà yẹn nìkan ni bàtà rẹ̀ ń kàn. Irin lásán ni, ibi tó kan bàtà ò tó nǹkan, omi àti ọ́ìlì sì ti bo gbogbo ẹ̀. Kí ló máa di ẹsẹ̀ mú?

8. Ìyẹn tó bá ṣì tuntun o. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí táyà ti ń gùn ún, orí àwọn ìlà náà á jẹ, á dán bọ̀rọ́. Ẹ tún wá gbé ọ̀dà tó ń dán lé e. Ọ̀dà yẹn kì í jẹ́ kí irin tètè dípẹtà, mi ò jiyàn. Àmọ́ ó tún mú kí ojú irin yọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ti sọ ọ́ di dígí nìyẹn.

9. "Ká tẹ́ rọ́bà lé e." Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ ọ́. Tí rọ́bà bá gbẹ, ó ń di ẹsẹ̀ mú lóòótọ́. Tí ọ́ìlì àti omi bá pàdé lórí rẹ̀, ó di ọbẹ̀ ilá. Omi á tún gba ẹ̀gbẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀, kò ní ríbi gbà jáde. Ẹ ká rọ́bà yẹn sókè lẹ́yìn ọdún kan kẹ́ ẹ wo bí irin ṣe dípẹtà lábẹ́ ẹ̀. Rọ́ọ̀gì? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ bínú.

10. "Plywood ńkọ́? Ṣebí plywood ló wà nílẹ̀ kọ̀ntánà?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ilẹ̀ púpọ̀ nínú kọ̀ntánà tó ń wọ Àpápá, plywood ni, ó máa ń nípọn tó 28 mm. Àmọ́ plywood tí omi ò lè tú gúlù rẹ̀ ni, inú àpótí irin ló sì wà, òjò ò rí i pa. Èyí tí ẹ fi ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ní yàrá kọ́ nìyẹn. Tí òjò Lagos bá pa tiyín fún sáà kan, etí rẹ̀ á wú, á máa ṣí ní ìpele-ìpele bí ìwé.

11. Kí ló wá dáa? Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe é ni, èmi á ní kẹ́ ẹ lo pákó líle. Ìrókò, apá, tàbí èyí tí àwọn onípákó ń pè ní ekki. Ekki yìí, Òyìnbó ń pè é ní azobé, wọ́n ń kó o láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ fi ṣe afárá àti ìdábùú etí omi ní Yúróòpù. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń fi tírélà kó katakata, pákó tí wọ́n ń pè ní apitong láti Éṣíà ni ọ̀pọ̀ wọn ń tẹ́ sílẹ̀ rẹ̀. Wọn ò ṣaláìní irin o. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni.

12. Ojú tí wọ́n kàn fi ayùn là ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má jẹ́ kí káfíńtà fá a kó dán. Ẹ fi àlàfo tó tó ìka kan sáàárín pákó kan sí èkejì, kí omi lè ríbi gbà lọ sílẹ̀, kí pákó sì ríbi wú sí. Ẹ fi bóòtù dè é, kí orí bóòtù rì sínú pákó kó má baà gbé ẹnikẹ́ni ṣubú. Tí ọ̀kan bá bàjẹ́, ọ̀kan náà lẹ máa yọ. Ẹ ò ní pe wẹ́dà kó wá gé gbogbo ilẹ̀.

13. Mi ò ní purọ́ fún yín: pákó líle ò fúyẹ́. Chequered plate oní 3 mm, ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8, wúwo ju 70 kg lọ díẹ̀. Oní 4 mm ń ju 93 kg lọ díẹ̀. Tírélà tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 16, tó fẹ̀ ní 6, máa gba irin bẹ́ẹ̀ mẹ́ta. Ìrókò tó nípọn tó ínṣì kan àbọ̀ máa wúwo tó mẹ́ta oní 3 mm yẹn. Ekki á ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé pákó fúyẹ́ ju irin lọ, ó fẹ́ tajà ni. Torí ẹsẹ̀ ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ lò ó, kì í ṣe torí ìwúwo.

14. Pákó náà lè yọ̀ o. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí ọ́ìlì mu ún yó, tàbí kí ohun aláwọ̀ ewé tó ń hù sára ògiri lásìkò òjò hù sí i, á yọ̀. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Kò sí ilẹ̀ kankan tí kì í béèrè ìtọ́jú.

15. "Irin ti wà nílẹ̀ tèmi, mi ò lówó àtitú u." Mo gbọ́. Ẹ ra expanded metal, irin oníhò tó dà bí àwọ̀n. Ẹ jó o mọ́ orí plate níbi tí ẹsẹ̀ ń gbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí táyà ń gbà, àti lórí ibi tí wọ́n ń gùn wọlé. Etí irin rẹ̀ máa di bàtà mú, kódà tí omi bá wà. Ó lè ya ọwọ́ àti orúnkún, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

16. Tíyẹn náà bá wọ́n jù: ẹ ha ìpẹtà kúrò, ẹ fọ ọ́ìlì kúrò pátápátá, ẹ kun ọ̀dà epoxy, kó tó gbẹ ẹ wọ́n sharp sand tó mọ́ tó sì gbẹ lé e lórí. Tó bá gbẹ, ẹ gbá yanrìn tí kò lẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ tún kun ọ̀dà lé e. Ẹ má lo yanrìn etí òkun, iyọ̀ inú rẹ̀ á jẹ irin. Ibi tí táyà ń gbà á máa jẹ, ẹ óò máa tún un ṣe. Kò rẹwà. Kò tilẹ̀ gbọdọ̀ rẹwà.

17. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí gan-an nìyí. Ẹni tó ń yan ilẹ̀ tírélà kọ́ ló ń gun orí rẹ̀. Ọ̀gá dúró sísàlẹ̀ pẹ̀lú bàtà tó dáa, ojú ló fi ń wò ó. Ọmọṣẹ́ ló ń gòkè nínú òjò pẹ̀lú sálúbàtà, ẹsẹ̀ ló fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn baba wa ní ìwà lẹwà. Ilẹ̀ náà ní ìwà. Èyí tó ń dán tó ń gbé èèyàn ṣubú, ìwà burúkú ló ní.

18. Ẹ ní owó ń kọ́? Owó tí Màámi ná sórí kókósẹ̀ kan ju owó expanded metal lọ fíìfíì. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò ọ̀gá, torí kì í ṣe àpò rẹ̀ ló ti jáde. Tó bá jẹ́ pé òun ló san án ni, ì bá ti tú ilẹ̀ yẹn tipẹ́.

19. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó gba tírélà lọ́wọ́ wẹ́dà, ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ ní kó gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀ kó dagun. Ẹ da omi ọṣẹ sí i. Ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ wọ sálúbàtà ọmọṣẹ́ yín, ẹ di nǹkan mú, kẹ́ ẹ rọra rìn ín. Ẹ̀yin fúnra yín o, kì í ṣe ọmọṣẹ́. Tẹ́ ẹ ò bá lè dúró lórí rẹ̀, ẹ má san owó tó kù.

20. Bọ̀dá mi ti ń rìn báyìí, wọ́n ṣì ń tiro díẹ̀. Ọ̀gá ti ránṣẹ́ pè wọ́n pé kí wọ́n wá máa wa tírélà kejì. Wọ́n ní àwọn máa kọ́kọ́ wo ilẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti wọn jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà yẹn. Mo ti ra ọṣẹ. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni tó ń ṣe tírélà lọ́wọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i kí òjò tó tún dé.