Ẹnu Àìmẹ́nu, Ètè Àìmétè

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí kan náà la fi ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá lè kó ẹnu rẹ̀ níjàánu, ẹ̀rín rẹ̀ kì í pẹ́ tó fi ń kan. Ohun tó bá sinimá Between Two Ferns: The Movie nìyẹn, èyí tí Scott Aukerman darí, tí Netflix gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019.

Lọ́dún 2008 ni aláwàdà Zach Galifianakis bẹ̀rẹ̀ eré tí wọ́n sọ di sinimá yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Á jókòó sáàárín ewéko inú ìkòkò méjì, á pe gbajúmọ̀ kan, á sì máa bi í ní ìbéèrè tí ọmọlúàbí kì í bi àlejò. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti parí. Ní 2014, Obama, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, jókòó síbẹ̀, ó fún un lésì tó ta ju ìbéèrè lọ, ó sì rọ àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún ìdójútòfò ìlera. Eré tó nídìí nìyẹn.

Ìgbà tó di sinimá, wọ́n fà á kọjá wákàtí kan. Nínú ìtàn rẹ̀, omi ya bo ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Zach, wọ́n wá ní kó fọ̀rọ̀ wá gbajúmọ̀ mẹ́wàá lẹ́nu wò kó tó lè rí ètò tirẹ̀ gbà. Keanu Reeves dé, wọ́n bú u. Brie Larson dé, wọ́n bú u. Ìparí ló dùn jù, níbi tí àwọn àlejò ti bú sẹ́rìn-ín nítorí pé eré náà bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn kan ní àwọn gbajúmọ̀ náà mọ ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá gbọ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn ọmọ wa tó ń ṣe irú eré yìí kò rí àdéhùn tó wà nídìí rẹ̀, èébú nìkan ni wọ́n rí kọ́.

Ẹ wá wo ọjà Kàbà ní ilẹ̀ Òkun. Ọmọkùnrin kan na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ìyá arúgbó tó ń ta iṣu, ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé fóònù sókè. Ìyá rò pé rédíò ni, ó tún gèlè ṣe. Ọmọ yìí kò kí i ní “Òkun o,” kò tẹ orí ba. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Mama, ta ló kó eyín yín lọ?” Èrò rẹ́rìn-ín. Ìyá bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yé e, ó fi etí aṣọ bo ẹnu. Wọ́n tún bi í pé ìgbà wo ni òun àti ọkọ rẹ̀ sùn pọ̀ gbẹ̀yìn. Ní Kàbà! Lójú ọmọdé, lójú àna! Kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò náà ti dé orí fóònù àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ta ló gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ló fún un ní kọ́bọ̀ nínú owó tí wọ́n ń fi fídíò náà pa? Obama ní ẹ̀ṣọ́, Keanu Reeves ní agbẹjọ́rò. Kí ni ìyá oníṣu ní?

Aláwàdà wa àtijọ́, Moses Ọláìyá tí a mọ̀ sí Baba Sàlá, kò ṣe bẹ́ẹ̀: ó gbé agogo ńlá kọ́rùn, ó ki ojú bọ gíláàsì ńlá. Ara rẹ̀ ló fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú sinimá Ọ̀run Móoru ti 1982, òun fúnra rẹ̀ ni òmùgọ̀ tí gbogbo wa ń wò, kò sì sí ìyá ẹnikẹ́ni tó lọ sílé pẹ̀lú omijé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Òkun, bí ẹ bá fẹ́ pa wá lẹ́rìn-ín, ẹ jókòó kọ ìtàn, kí ẹ fi ara yín ṣe òmùgọ̀ inú rẹ̀. Fídíò ìyá oníṣu tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ pa á rẹ́ lónìí, kí ẹ sì lọ dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ọjà tí ẹ ti dójú tì í.