Ilé Ọba Tó Jó àti Igi Ẹlẹ́gùn-ún

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ta ni nǹkan bàjẹ́ fún nílẹ̀ wa tí wọn kò pa òwe yìí fún? Ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ ń gbọ́ ọ, ọlọ́jà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jóná ń gbọ́ ọ, títí kan ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò. A ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìpẹ̀ lásán, bẹ́ẹ̀ òwe náà le ju ìpẹ̀ lọ. Ó ní ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí iná jó, n kò sì rí ibi tí ohun náà ti hàn tó ṣọ́ọ̀bù àwọn agbẹ́gi kan ní Amẹ́ríkà.

Ní Texas àti Arizona, igi ẹlẹ́gùn-ún kan wà tí wọ́n ń pè ní mesquite. Àwọn tó ń sin màlúù níbẹ̀ kórìíra rẹ̀, nítorí ó ń gba ilẹ̀ mọ́ koríko lọ́wọ́. Kì í tọ́, kòkòrò sì ń lu ú ní ihò. Bí a bá là á sí pákó, yóò sán níhìn-ín, yóò lu níbẹ̀, èèpo yóò há sáàárín. Igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó, làwa máa ń wí. Wàhálà yẹn ò kan mesquite. Ṣùgbọ́n ó le, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bó bá sì gbẹ tán, kì í fi bẹ́ẹ̀ wú, kì í fi bẹ́ẹ̀ sún kì.

Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yí igi di abọ́ ló rí ìyẹn lára rẹ̀. Pákó á máa yí bírí lójú ẹ̀rọ, irin mímú á máa fá a, títí abọ́ yóò fi yọ. Bí irin bá kan ihò ńkọ́? Ọgbọ́n àtijọ́ ni pé kí a po lẹ́búlẹ́bú pákó mọ́ gọ́ọ̀mù, kí a fi dí i, kí oníbàárà má rí i. Àwọn káfíńtà tiwa náà mọ ọ̀nà yẹn dáadáa. Àwọn tó ń gbẹ́ mesquite gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n lọ òkúta turquoise, tí wọ́n ń wà jáde ní Arizona níbẹ̀, wọ́n rọ ọ́ sínú ihò, àléébù igi wá di búlúù lójú gbogbo ayé. Lónìí, epoxy aláwọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń dà síbẹ̀.

Ẹni tó bá ti fún gọ́ọ̀mù Araldite jáde nínú tíúùbù méjì rí ti mọ ìdílé epoxy. Oríṣi méjì ni wọ́n ń pò pọ̀, òṣùwọ̀n rẹ̀ sì wà lára ike. Ẹni tó bá fojú wọ̀n ọ́n lè bá a lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ tó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Igi gbọ́dọ̀ ti gbẹ kí ọwọ́ tó kàn án. Wọ́n á ha èèpo tó ti ṣí kúrò, wọ́n á lẹ téèpù mọ́ ẹ̀yìn kí ó má bàa jò, wọ́n á sì kọ́kọ́ fi epoxy díẹ̀ ra inú ihò náà yí ká. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ inú igi yóò máa ru jáde, yóò di ihó wẹ́wẹ́ tí kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Bí epoxy ṣe ń le ló ń gbóná. Bí a bá da èyí tó ń tètè le sínú ihò jíjìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ooru rẹ̀ lè mú un sán, ó tilẹ̀ lè rú èéfín. Nítorí náà, nípele-nípele ni wọ́n ń dà á. Kí a má gbàgbé ìbọ̀wọ́ o. Ara àwọn mìíràn máa ń kọ epoxy tútù, bó bá sì ti kọ̀ ọ́, ó ṣòro kí ó tún gbà á. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì mẹ́ta, abọ́ yóò padà sójú ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá fá a tán, tí wọ́n fi sáńpépà dán an, ọwọ́ kò ní mọ ibi tí igi parí sí. Ojú nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n.

Kí wá ni iná bù sí ilé ọba? Eérú ni. Àwọn ará ìlú ló bu ẹwà sí i. Ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin ló ń ru koríko bẹẹrẹ wá láti fi bo ààfin. Ọba tó ní irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, ilé rẹ̀ lè jó kó sì dára sí i. Tálákà tí ahéré rẹ̀ jó ń wá ibi tí yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ọ̀rọ̀ igi ṣe rí nìyẹn. Pákó tó yí ihò ká ló ń gbé epoxy dúró. Bí pákó náà bá ti jẹrà, tó rọ̀ bọ̀ọ̀rọ̀, kí ni epoxy yóò dì mú? A ní láti kọ́kọ́ gbẹ́ ibi tó jẹrà kúrò, bí igi tí yóò kù kò bá tilẹ̀ tó nǹkan.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ti àwọn tó ń fi òòlù fọ́ igi tó dá ṣáká, kí wọ́n lè ráyè da búlúù sí i. Ọba tó tiná bọ ilé ara rẹ̀ kò sí nínú òwe wa. Ike aláwọ̀ tí igi díẹ̀ rọ̀ mọ́ ni púpọ̀ nínú abọ́ wọn, oòrùn sì lè sọ epoxy náà di aláwọ̀ ìyeyè bó bá pẹ́. Mo fara mọ́ George Nakashima jù wọ́n lọ, ọmọ àwọn ará Japan tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà ní 1905, tó ṣe tábìlì ní New Hope ní Pennsylvania títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Bí pákó rẹ̀ bá sán, á fi ègé igi tí wọ́n gbẹ́ bíi labalábá dè é kí ó má sán síwájú, á sì fi àlàfo náà sílẹ̀ gbayawu.

Mesquite tí kò ṣe é fi ṣe abọ́ rárá kò ṣòfò ní Texas. Wọ́n ń fi yan ẹran màlúù, wọ́n sì ní èéfín rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́.