Ọwọ́ Yín Ni, Kì Í Ṣe Ayé

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń fi ọ̀kadà jẹun, ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn létí yín, ṣùgbọ́n ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ ọ. Bí alùpùpù bá gbiná lójú títì, ẹ ó ní àwọn ayé ló ṣe é. Bí ṣéènì bá já lórí eré, ẹ ó ní ọjà Ṣáínà ni, ẹni tó tà á ló lù yín ní jìbìtì. Gbogbo èèyàn lẹ ó dá lẹ́bi, àfi ọwọ́ tó mú sípánà ní ẹ̀yìnkùlé ní alẹ́ Sátidé.

Ayédèrú páàtì wà lọ́jà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń rí lemọ́lemọ́ ni páàtì tí kò ní àléébù kankan, tí ọmọkùnrin kan dè sódì nílé, tó sì gbé èrò lé e lórí ní ìdájí ọjọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti fèrè. Ọmọ ra fèrè ńlá tó ń ké bíi ti tírélà, ó tú kékeré tó bá ọ̀kadà wá, ó so ńlá mọ́ wáyà kan náà. Wáyà yẹn tín-ín-rín, fún fèrè kékeré ni wọ́n ṣe é. Bátìrì ọ̀kadà jẹ́ volt 12. Gílóòbù iwájú tó jẹ́ watt 35 ń fa nǹkan bí ampere 3. Fèrè afẹ́fẹ́ ńlá lè fa 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí irú iná bẹ́ẹ̀ bá gba inú wáyà tín-ín-rín, wáyà á gbóná. Ìdí nìyẹn tí fíúsì fi jó: ó jó kí ọ̀kadà má baà jó. Kí ni ìwọ wá ṣe? O fi bébà dídán inú páálí sìgá wé fíúsì tó jó, tàbí kí o ki wáyà kọ́pà bọ ibẹ̀, inú rẹ sì dùn pé fèrè ti ń ké. O ti lu ọlọ́dẹ pa, o wá lọ sùn. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ohun tí yóò dá iná dúró bí rọ́bà ara wáyà bá yọ́ tí kọ́pà sì kan irin. Abẹ́ táǹkì epo gan-an ni ìdì wáyà ọ̀kadà sì máa ń gbà kọjá!

Iṣẹ́ náà kò le fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Rílè ni wọ́n ń fi sí i. Fèrè á máa gba iná láti ara bátìrì, nínú wáyà tó nípọn, pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀. Bọ́tìnnì ọwọ́ á kàn máa pàṣẹ fún rílè ni. Rewáyà tó wà ní ìkòríta yín mọ̀ ọ́n. Owó rẹ̀ ni ẹ kò fẹ́ san.

Àwọn mìíràn ń fi háńdù gíga sí ọ̀kadà nítorí oge. Háńdù ga, ṣùgbọ́n kébù tí a fi ń fa epo kò gùn sí i. Lójú ọ̀nà tó tọ́, o kò ní mọ̀. Ọjọ́ tí o bá yí háńdù dé òpin láti yà sí àdúgbò, kébù á le, á fa epo fúnra rẹ̀, ọ̀kadà á sì fò síwájú níbi tó yẹ kó ti rọra. Ìyá tó pọn ọmọ sẹ́yìn, tó jókòó lẹ́yìn rẹ, kí ni kó dì mú? Ìdánwò rẹ̀ kò gba àkókò rárá. Gbé ọ̀kadà dúró, fi jíà sí nútírà, ṣíná, má fa epo, kí o yí háńdù sí òsì dé òpin, kí o yí i sí ọ̀tún. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, kébù náà kò tọ́.

Ẹ tún gbà pé ṣéènì tó le gbagidi ló dára. Ta ló kọ́ yín? Bí èrò bá gùn ún, ẹ̀yìn ọ̀kadà á lọ sílẹ̀, ṣéènì á tún le sí i, bẹ́ríìnì inú jíà ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré ń fẹ́ kí àárín ṣéènì lè mì sókè sódò ní nǹkan bíi mìlímítà 20 sí 30. Ìwé tó bá tìrẹ wá ni kí o tẹ̀ lé. Píìnì kékeré tó so orí ṣéènì méjèèjì pọ̀ sì ní ẹnu ní apá kan. Ẹ̀yìn ni ẹnu náà gbọ́dọ̀ kọ sí, kì í ṣe ibi tí ṣéènì ń sáré lọ. Bí o bá fi sódì, nǹkan lè gbá a ṣí, ṣéènì á já, á wé mọ́ táyà ẹ̀yìn, táyà á sì dúró gbàgì lórí eré.

Nọ́ọ̀tù tó ṣẹ́kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí o to táyà ẹ̀yìn tán ńkọ́? Bóyá ti irin gbọọrọ tó di àwo bíréèkì mú ni. Bí irin yẹn bá yọ nítorí pé nọ́ọ̀tù rẹ̀ kò sí, àwo bíréèkì á yí po nígbà tí o bá tẹ bíréèkì gidi, bíréèkì á sì já mọ́ ọ lẹ́sẹ̀.

Mo mọ̀ pé owó tí ẹ ń jẹ́ fún ẹni tó ni ọ̀kadà lójoojúmọ́ ń ni yín lára. N kò ní kí ẹ má fọwọ́ kan ọ̀kadà tí ẹ ń gùn. Ẹ pààrọ̀ gílóòbù, ẹ da ọ́ìlì, ẹ fọ fílítà. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tí ẹ ń pè ní ọlọ́ṣà yẹn sin ọ̀gá fún ọdún púpọ̀ kó tó ṣe fírídọ́ọ̀mù. Ìwọ wo fídíò kan lórí fóònù, èyí tí wọ́n fi irú ọ̀kadà mìíràn ṣe, o ní o ti mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ pé ìwọ nìkan lò ń gùn ún, ohùn mi ì bá rọ̀. Èrò kò mọ ohun tí o dè lálẹ́ àná. Ó rí ọ̀kadà tó ń dán, ó san owó, ó fi ẹ̀mí rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́.

Lálẹ́ òní, kí o tó sùn, ṣí ibi tí fíúsì ọ̀kadà rẹ wà. Bí wáyà tàbí bébà sìgá bá wà níbẹ̀, yọ ọ́, má sì gbé ọmọ ọlọ́mọ kankan títí rewáyà yóò fi wò ó.