Ta Ni Ń Bèèrè Àlàáfíà Àwọn Olùdóòlà?

Nígbà tí ilé alájà 21 wó lulẹ̀ ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, a ka iye òkú: ó lé ní 40. A ka iye àwọn tí a yọ láàyè, a sì ka iye ọjọ́ tí iṣẹ́ náà gbà, tí ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn wú òkú jáde lábẹ́ kọnkéré ni a kò rántí láti kà.

Kò sí àní-àní pé iṣẹ́ méjì ni ó wà nínú ìdóòlà. Ìrètí wà nínú ti àkọ́kọ́: a ń gbọ́ ohùn lábẹ́ àwókù, ohùn náà sì ń fún apá ní agbára. Bí ohùn bá ti dákẹ́, iṣẹ́ kejì dé. Òkú ni a ń wá nígbà náà, kí àwọn ẹbí lè rí ohun tí wọn yóò sin. Kì í sì ṣe òkú nìkan ni ó ń ba ọkàn jẹ́. Fóònù tí ń dún lápò ẹni tí kò lè dáhùn mọ́, bàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan, ìwọ̀nyí ni ó máa ń bá ènìyàn lọ sílé. Oorun a dá lójú rẹ̀. Òórùn ibẹ̀ a tẹ̀lé e dé ìdí oúnjẹ. A máa jágbe mọ́ ìyàwó lórí ohun tí kò tó nǹkan, tàbí kí ó sá sídìí ọtí. Àwọn ará ilé a sì ní ìwà rẹ̀ ti yí padà.

Àwọn kan yóò wí pé ojú tí ó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù. Òwe náà dára fún atukọ̀. Ní ti òkú ọmọdé, a kò gbà á. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, nǹkan bí 20 ènìyàn sì kú. Àwọn ará àdúgbò wà lára àwọn tí ó gbé àwọn ọmọ náà jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn ará Ìjú-Ìṣàgá sáré dé ibi tí ọkọ̀ òfurufú já sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn 153 tí ó wà nínú rẹ̀ kò yè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Lẹ́yìn tí ilé gogoro méjì wó ní New York ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ wádìí nǹkan bí 29,000 ènìyàn tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn náà, àìsàn ọpọlọ tí ìjayà ńlá ń fà wà lára ọlọ́pàá 6 nínú 100. Ní ti àwọn tí ó kàn wá ṣèrànwọ́, tí wọn kò bá ẹgbẹ́ kankan wá, 21 nínú 100 ni. Panápaná ní ọ̀gá, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé. Kí ni mẹkáníìkì àti ọlọ́kadà tí ó já wọ inú àwókù ní? “Ẹ kú iṣẹ́” nìkan.

Ní ìlú púpọ̀ nílẹ̀ wa, ẹni tí ó gbẹ́ ilẹ̀ òkú kì í wọlé lọ bẹ́ẹ̀. Yóò wẹ̀, a ó fún un ní oúnjẹ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì jókòó tì í. Bí Dókítà Adeoye Lambo náà ti ṣe ní Àró, ní Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954 nìyẹn: ó fi àwọn aláìsàn sáàárín àwọn ará abúlé, kí wọn má baà dá wà.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba kò pọ̀. Kí a kọ orúkọ àti àdírẹ́sì gbogbo ẹni tí ó bá ṣèrànwọ́ sílẹ̀. Kí a máa pààrọ̀ wọn kí ó tó rẹ̀ wọ́n. Kí òṣìṣẹ́ ìlera bẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àti lẹ́yìn oṣù kan, nítorí ìdààmú yìí kì í fi ara hàn lọ́jọ́ kan. Kí a má sì fi ipá mú ẹnikẹ́ni sọ ohun tí ó rí. Èyí kì í wo ọgbẹ́ sàn. Òfin ìlera ọpọlọ ti wà láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, àwáwí kò sí mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ṣọ́ ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, bí ẹni tí ń du ipò bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bi í ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: inú ìwé wo ni orúkọ àwọn tí ó gbẹ́ àwókù Ìta Fájì wà?