Kí Wọ́n Tó Tún Orúnkún Àtọwọ́dá Ṣe

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó yẹ kí ẹni tí orúnkún àtọwọ́dá rẹ̀ ti ń mì rántí ọ̀rọ̀ yìí kó tó gbà kí wọ́n tún un ṣe.

Iṣẹ́ abẹ ọ̀hún dára. Ìwádìí tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet lọ́dún 2019 fi hàn pé nínú 100 orúnkún tí wọ́n pààrọ̀ pátápátá, nǹkan bí 82 ló ń lò tó ọdún 25. Ṣùgbọ́n ike tó wà láàárín irin rẹ̀ lè máa jẹ, kí ẹ̀rúnrún rẹ̀ sì ba eegun tó dì í mú jẹ́. Kòkòrò àrùn náà lè wọ ibẹ̀. Nígbà náà ni irin á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, tí ìrora á sì padà dé.

Àtúnṣe kò rí bíi ti àkọ́kọ́. Eegun ti dín kù, àpá ti wà lára ẹran. Ìwádìí mìíràn lọ́dún 2021, lórí àwọn tó lé ní 33,000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn tí wọ́n tún tiwọn ṣe ló tún padà sórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ láàárín ọdún 13. Lẹ́yìn àtúnṣe kejì, ọdún márùn-ún péré ni iye bẹ́ẹ̀ fi padà. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ọdún mẹ́ta.

Nítorí náà, ìdí tó fi ń mì ni kí dókítà kọ́kọ́ wá. Kó ya àwòrán eegun, kó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kó sì fa omi inú orúnkún láti mọ̀ bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Bí kòkòrò bá wà tí wọn kò mọ̀, irin tuntun náà yóò bàjẹ́ ni. Ọwọ́ ẹni tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti mọ́ lára ló sì yẹ kó ṣe é.

Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti ń kọ irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo ní England àti Wales. Ibẹ̀ ni òye yìí ti wá. Ní Nàìjíríà, tí wọ́n ti ń pààrọ̀ orúnkún ní Ìgbóbì àti láwọn ọsibítù mìíràn, ó yẹ kí ilé iṣẹ́ ètò ìlera rí i pé aláìsàn kọ̀ọ̀kan gba ìwé tó sọ orúkọ irin, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n fi sí i. Kí ẹni tó lọ ṣe é lókè òkun náà béèrè tirẹ̀ kó tó wálé. Dókítà tí kò mọ irin tó wà nínú orúnkún, inú òkùnkùn ló ti ń ṣiṣẹ́.